Graphene nínú sẹ́ẹ̀lì: ṣé ó máa ń jáde ni, àbí ibẹ̀ ló ń jókòó sí?

Ará Lafẹ́nwá kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye. Obìnrin kan ń ta nǹkan kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Kútọ̀. Ó ní graphene ló wà nínú rẹ̀, pé ó ń gba awọ wọlé, ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Mo délé, àbúrò mi ní kí n má dán an wò, pé graphene yìí kan náà ni wọ́n fi sínú abẹ́rẹ́ Kòrónà, pé tó bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì, kò ní jáde mọ́ títí ọjọ́ ikú. Ọ̀kan ní oògùn ni, ọ̀kan ní májèlé ni. Èwo ni ká gbà? Kí ni nǹkan ọ̀hún ń ṣe gan-an tó bá dé inú sẹ́ẹ̀lì?

* * *

Ẹni Ìdí Máíkíróskóòpù kọ:

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kúrò ńlẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó kọ́kọ́ dé Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 2021, ti AstraZeneca ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe awo: kòkòrò adenovirus ara ìnàkí tí wọ́n ti ṣe tí kò fi lè bí sí i mọ́, ṣúgà, iyọ̀, ọtí tí kò tó nǹkan, polysorbate 80, àti omi àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ mìíràn tí orúkọ wọn wà lára páálí. Kò sí graphene níbẹ̀. Kò sí nínú ti Pfizer àti ti Moderna náà.

Ti ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, òkè awọ wa, sẹ́ẹ̀lì òkú ló tò lé ara wọn níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù mú mọ́ aṣọ kò ní já ara rẹ̀ gbà kó wá kọjá ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń bá wa fọ ẹ̀jẹ̀. Graphene máa ń gbé ooru kiri dáadáa, nítorí náà bí ẹ̀yìn bá tu èèyàn díẹ̀, ooru ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi owó yín pamọ́.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn yẹn ló ní iṣan nínú. Ẹ mú pẹ́ńsù. Ohun dúdú inú rẹ̀, graphite ni wọ́n ń pè é, kábọ́nù ni, ó sì tò ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ lórí ara wọn. Ní 2004, Andre Geim àti Konstantin Novoselov ní Yunifásítì Manchester fi sẹ́lótéèpù lásán ṣí i títí ó fi ku pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, tí nínípọn rẹ̀ kò ju átọ̀mù kan lọ. Ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fi gbà ní 2010. Ẹ óò to bíi mílíọ̀nù mẹ́ta irú rẹ̀ léra kó tó di mílímítà kan. Ṣùgbọ́n ní fífẹ̀, ó lè fẹ̀ ju sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ nìyẹn: gbogbo ara rẹ̀, ìta ni. Kò ní inú. Kò sí átọ̀mù kan nínú rẹ̀ tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ kò lè fọwọ́ kàn.

Ìdí nìyẹn tó fi máa ń tètè yí padà. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń béèrè bóyá ó burú tàbí kò burú kò tíì béèrè nǹkan kan. Ohun tó wà nínú ìgò kọ́ ni sẹ́ẹ̀lì ń rí. Ẹ bi mí léèrè ohun tó ti dà kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì, àti ohun tó tún ń dà lẹ́yìn tó wọlé tán.

* * *

Ọmọ Adátán kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, àmọ́ ẹ ti ń yí ọ̀rọ̀ po. Kábọ́nù kì í jẹrà. Èédú tí àwọn èèyàn dá sílẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n ṣì ń hú u nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún. Bí ilẹ̀ àti kòkòrò inú rẹ̀ kò bá rí i jẹ, kí ló máa jẹ ẹ́ nínú ara èèyàn? Àbúrò ọ̀gá yẹn ló jàre. Ó ń jókòó síbẹ̀ ni.

* * *

Ẹni Ìdí Máíkíróskóòpù kọ:

Àtakò tó mọ́gbọ́n dání ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gúnlẹ̀ sí. Wọn kò rántí pé ohun tí ara ní, ilẹ̀ kò ní in.

Oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní neutrophil. Ó ní énsáìmù kan nínú, orúkọ rẹ̀ ni myeloperoxidase. Iṣẹ́ énsáìmù yìí ni láti mú hydrogen peroxide àti iyọ̀ inú ara, kó fi ṣe hypochlorous acid, ìbátan tímọ́tímọ́ ohun tó wà nínú Hypo tí ẹ fi ń bó aṣọ funfun. Kòkòrò àrùn ni wọ́n dá a fún. Ṣùgbọ́n tí kábọ́nù pẹlẹbẹ bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ń jẹ òun náà.

Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rí irú èyí fún graphene oxide, ìyẹn graphene tí ọ́síjìn ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ọdún 2011 ni. Énsáìmù inú gbòǹgbò horseradish ni wọ́n fi dán an wò, pẹ̀lú hydrogen peroxide tí kò pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lu ihò sí i lára. Wọ́n wá gbé èyí tí wọ́n ti yọ ọ́síjìn rẹ̀ kúrò síwájú énsáìmù kan náà: kò rí i jẹ. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní Strasbourg lo myeloperoxidase tèèyàn gan-an, ó sì jẹ graphene oxide tó bá tú ká dáadáa nínú omi; èyí tó bá ti dì pọ̀, ó ṣòro fún un. Nígbà tó di 2018, wọ́n fi hàn pé ó lè jẹ graphene gangan pàápàá, ẹlẹ́yọ kan àti èyí tí ìpele rẹ̀ kò pọ̀.

Nítorí náà, àbúrò mi Ọmọ Adátán, «kábọ́nù kì í jẹrà» kò dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kò pàdánù gbogbo rẹ̀. Inú ìgò ni wọ́n ti ṣe àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyẹn, níbi tí wọ́n ti ń bu peroxide sí i déédéé. Nínú ara, ibi tó bá bọ́ sí ló ń pinnu. Èyí tó bá dì gìdìgbà sínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀dọ̀ lè pẹ́ gan-an níbẹ̀.

(Iná ti lọ, bátìrì fóònù mi sì ti pupa. Mo ń bọ̀.)

* * *

Ọmọ Polí Òjéèrè kọ:

Kí ẹ tó lọ jìnnà: báwo ló ṣe ń wọlé ná? Awọ sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Ohun pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, kí ni yóò tì í wọlé?

* * *

Ẹni Ìdí Máíkíróskóòpù kọ:

Igun rẹ̀ ni. Àwọn tó wà ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà ló fi èyí hàn ní 2013: wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n sì tún fi máíkíróskóòpù wo sẹ́ẹ̀lì. Tí abala graphene bá fi ikùn kọjú sí awọ sẹ́ẹ̀lì, kò ní wọlé. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í tẹ́jú, ó máa ń ní ibi tó ṣe ṣóńṣó. Ṣóńṣó yẹn ló ń kọ́kọ́ gún ọ̀rá tó wà lára awọ náà, tó bá ti rí ẹsẹ̀ gbé síbẹ̀, ìyókù á tẹ̀lé e. Awọ sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rá ìpele méjì ni, nǹkan bíi nánómítà márùn-ún ní nínípọn. Kò le.

Lọ́dún kan náà, àwọn mìíràn fi hàn pé lára kòkòrò E. coli, graphene kò kàn ń gún un, ó tún ń fa ọ̀rá inú awọ rẹ̀ jáde sára ara tirẹ̀ títí kòkòrò náà á fi ya. Ẹ wo inú èyí dáadáa: àwọn tó ń ta graphene tó ń pa kòkòrò, orí èyí ni wọ́n dúró lé, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé awọ sẹ́ẹ̀lì tiwa náà, ọ̀rá ni.

Ọ̀nà kejì ló wọ́pọ̀ jù fún èyí tó kéré: sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń gbé e mì. Á fi awọ dì í, á gbé e wọ inú àpò kan tí wọ́n ń pè ní lysosome. Ibẹ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan tó ọsàn wẹ́wẹ́: pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n kíkan rẹ̀, wà láàárín 4.5 sí 5, énsáìmù sì kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ graphene oxide tí mo ti rí lábẹ́ máíkíróskóòpù, ẹ̀bá nucleus, ìyẹn ọkàn sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n máa ń kóra jọ sí, dúdú wẹ́wẹ́-wẹ́wẹ́. Ẹ kò ní rí abala kọ̀ọ̀kan o, ohun tó ti dì pọ̀ nìkan ni ojú lè rí.

Èyí tó bá wá fẹ̀ jù ńkọ́? Macrophage, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbé ìdọ̀tí àti kòkòrò mì, á ya ẹnu, á gbé e mì dé ìdajì, kò ní lè pa ẹnu dé. Á wá máa da énsáìmù àti peroxide rẹ̀ síta sórí ẹran ara tó yí i ká. Ìwà tí asbestos ń hù nínú ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn, ìyẹn sì ni ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ kò bà mí. Ẹni tó ń lọ̀ ọ́, tó ń pò ó, tó ń fa ekuru rẹ̀ símú lójoojúmọ́ láìbo imú, òun ló ń bà mí lẹ́rù.

* * *

Ìyá Aláró Ìtòkú kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ ń pè ní ìyípadà yìí, aró ni mo rí. Tí a bá yọ adìrẹ nínú ìkòkò, kì í dúdú. Ó máa ń rí bí ewé tútù, tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ bá dé, á ní a ti ba aṣọ jẹ́. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró. Tí èèyàn bá wá fi ohun tó rí nínú ìkòkò ṣe ìdájọ́ ohun tí aṣọ máa dà, ṣé kò ti ṣìnà?

* * *

Ẹni Ìdí Máíkíróskóòpù kọ:

Ìyá wa, ẹ ṣeun. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tó yé ni tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí n fi èyí kún un: háídrò tí ẹ ń dà sínú ìkòkò pẹ̀lú kọ́síìkì, òun gan-an ni àwọn kan ń lò láti fi yọ ọ́síjìn lára graphene oxide. Kẹ́míkà kan náà, iṣẹ́ kan náà. Graphene oxide tó ní ọ́síjìn dáadáa, ó pọ́n bíi tíì, ó sì fẹ́ràn omi. Tí ọ́síjìn bá ti kúrò, á dúdú, á kórìíra omi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ara rẹ̀.

Kò sì dìgbà tí ẹ bá da háídrò sí i. Oòrùn nìkan tó. A ní ìgò kan níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé nítorí pé orí tábìlì ti kún. Ohun inú rẹ̀ ń pọ́n kankan nígbà tí wọ́n ṣe é. Nígbà tí mo tún wò ó, apá tó kọjú sí fèrèsé ti dúdú ju apá kejì lọ, ìsàlẹ̀ sì ti ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Orúkọ kan náà ṣì wà lára rẹ̀: «GO». Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bu nínú rẹ̀ lónìí, tó sì kọ «graphene oxide» sínú ìwé rẹ̀, kò purọ́, àmọ́ ohun tó kọ kọ́ ló fún sẹ́ẹ̀lì.

Nínú sẹ́ẹ̀lì pàápàá, irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Glutathione, kẹ́míkà kan tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń ṣe, pọ̀ níbẹ̀, òun náà ń fún un ní elétírọ́ọ̀nù, ó lè dín ọ́síjìn ara rẹ̀ kù. Ẹ wá so èyí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ 2011 tí mo sọ lókè: èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ ti kúrò ló ṣòro fún énsáìmù láti jẹ. Ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì kan lè sọ ọ́ di èyí tó ṣòro jẹ, kí sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó máa jẹ ẹ́ tó dé.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin kọ:

Ọ̀gá, ẹ gbà mí. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni. Mo fi MTT wo bóyá graphene ń pa sẹ́ẹ̀lì, èsì mi sì ní bí graphene ṣe ń pọ̀ sí i ni sẹ́ẹ̀lì ń yè sí i. Ẹnìkejì mi tó lo èyí tí a jọ rà, ó ní gbogbo tirẹ̀ ló kú. Olùbímọ̀ràn mi ní kí ọ̀kan nínú wa lọ tún un ṣe, pé ọ̀kan ti ṣe àṣìṣe.

* * *

Ẹni Ìdí Máíkíróskóòpù kọ:

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin méjèèjì má ṣe àṣìṣe lọ́wọ́. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti fi irú èyí bú ara wọn ní gbangba.

Tìrẹ ná. MTT, ìyẹ̀fun ofeefee tí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ń sọ di aró elésè-àlùkò, kò mọ ẹni tó yí òun padà. Graphene lè yí i padà láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀. Lọ bu graphene rẹ sínú ihò àwo tí kò ní sẹ́ẹ̀lì, da MTT sí i, fi sínú incubator, ẹ̀rọ tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì móoru, pẹ̀lú ìyókù. Bí ó bá di elésè-àlùkò, o ti rí ibi tí «ìyè» rẹ ti wá. Fọ sẹ́ẹ̀lì dáadáa kí o tó da MTT sí i, kí o sì fi ọ̀nà mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀. Trypan blue kò wọ́n: sẹ́ẹ̀lì tó bá kú á mu aró, èyí tó wà láàyè kò ní mu ún. Kà á lójú.

Ti ẹnìkejì rẹ: béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fi serum, omi inú ẹ̀jẹ̀ tí purotéènì kún, sí i. Mo mọ ìdáhùn. Serum wọ́n, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, nítorí náà àwọn kan máa ń yọ ọ́ kúrò ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ da nǹkan sí sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní ó kàn ń dí àwọn lọ́wọ́ ni. Ó ń díni lọ́wọ́ lóòótọ́! Láàárín ìṣẹ́jú tí graphene oxide bá bọ́ sínú serum, purotéènì ti bò ó lára, albumin ló máa ń pọ̀ jù. Igun tó mú á wà lábẹ́ aṣọ. Ní 2011, wọ́n fi hàn pé tí serum bá ti tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìpalára graphene oxide sí sẹ́ẹ̀lì dínkù gan-an. Láìsí serum, ìhòòhò ló fi ń gún awọ.

Nínú ara èèyàn, kò sí ibi tí purotéènì kò sí. Ẹni tó bá dán an wò láìsí purotéènì, tó wá gbé e sáfẹ́fẹ́ pé graphene ń pa èèyàn, ó ń sọ̀rọ̀ ìlú tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó gbà pé dandan ni ká dán an wò láìsí serum, pé èyí ló ń fi agbára rẹ̀ gan-an hàn. N kò bá wọn jà, kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé láìsí serum ni.

Ohun kan tó ń bí mi nínú: ẹ̀rọ incubator wa níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Sẹ́ẹ̀lì ń fẹ́ 37 ní ìwọ̀n Celsius àti 5% carbon dioxide lóru àti lọ́sàn-án. Iná á lọ, ẹni tó yẹ kó tan jẹnẹrétọ̀ á ní wọn kò fún òun ní díísù. Ilẹ̀ mọ́, sẹ́ẹ̀lì ti kú, wọ́n sì kọ ọ́ sí graphene lọ́rùn. Ibo ni control wà, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí wọn kò fún ní graphene? Control náà kú! Wọn kò kọ ìyẹn.

* * *

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Abà kọ:

Ẹ pa kábọ́nù tì díẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn pẹlẹbẹ mìíràn wà tí wọ́n máa ń yọ́ pátápátá nínú ara. Ṣé ìyẹn kò wá sàn jù? Ohun tó bá ti yọ́, ó ti lọ nìyẹn.

* * *

Ẹni Ìdí Máíkíróskóòpù kọ:

Sísì, ibi tí wọ́n ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù nìyí. Ohun tó yọ́ kò lọ, ó di nǹkan mìíràn ni.

Ẹ gbé molybdenum disulphide yẹ̀wò, MoS2. Ìpele molybdenum kan wà láàárín ìpele imí-ọjọ́ méjì. Tí omi àti ọ́síjìn bá bá a, ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, molybdenum inú rẹ̀ sì ń di molybdate. Ara wa ń lo molybdenum. Àgbàlagbà kan ń fẹ́ nǹkan bíi 45 máíkírógíráàmù lójúmọ́, ẹ̀wà tí ẹ jẹ láàárọ̀ ní in dáadáa. Àwọn énsáìmù kan nínú ẹ̀dọ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, bíi xanthine oxidase àti aldehyde oxidase.

Ní 2021, àwọn olùwádìí ní Ṣáínà tẹ̀lé ìrìn MoS2 nínú ara ẹranko. Ó wọ ẹ̀jẹ̀, purotéènì bò ó, lára wọn ni apolipoprotein E, tó jẹ́ pé ọ̀rá ló máa ń gbé lọ sí ẹ̀dọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá gbé MoS2 náà lọ síbẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, ó yọ́, molybdenum rẹ̀ bọ́ sínú àwọn énsáìmù tí mo dárúkọ yẹn, iṣẹ́ wọn sì lọ sókè. Ẹ gbọ́ ìyẹn: ohun tí wọ́n tì wọlé láti òde di ara ẹ̀rọ ara gan-an. Kò sí ẹni tó lè pe ìyẹn ní «ó ti lọ».

Phosphorus dúdú náà wà. Òun ló ń tètè yọ́ jù. Kódà atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ nínú yàrá ń jẹ ẹ́. Phosphate ló ń dà, èyí tó wà nínú egungun wa. Àwọn tó ń wá ohun tí wọn yóò fi tún egungun ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí púpọ̀ bá yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú sẹ́ẹ̀lì kan, sẹ́ẹ̀lì náà lè kú, àwọn kan sì ń wá bí wọn yóò ṣe fi ìyẹn gan-an pa jẹjẹrẹ. Bí ó ṣe ń yára yọ́ tó, àti ibi tó ti ń yọ́, ni kí ẹ máa béèrè.

* * *

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Abà kọ:

Xanthine oxidase tí ẹ dárúkọ yẹn, òun kọ́ ló ń ṣe uric acid? Bàbá mi ń lo allopurinol nítorí oríkèé ẹsẹ̀ wọn tó ń wú. Ṣé kí wọ́n má jẹ ẹ̀wà mọ́ nítorí molybdenum ni?

* * *

Ẹni Ìdí Máíkíróskóòpù kọ:

Òun ni, òun gan-an sì ni allopurinol ń dá dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má fi tèmi gba ẹ̀wà lẹ́nu bàbá o! Molybdenum inú oúnjẹ, ìwọ̀nba ni, kíndìnrín ń tọ̀ èyí tó bá ṣẹ́kù dànù. Dókítà wọn ni kí ẹ bi léèrè nípa oúnjẹ. Ohun tí mo ń sọ ni ti ẹni tó bá fẹ́ gún èèyàn ní MoS2 lọ́la láti fi gbé oògùn wọlé: kó kọ́kọ́ wo irú èèyàn bíi bàbá. Ohun tí kò ṣe eku ara líle ní nǹkan kan lè ṣe ẹni tí uric acid rẹ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀.

* * *

Ọmọ Adátán kọ:

Ó dáa, mo gbà pé ó ń yí padà. Àmọ́ ẹ ṣì ń sọ ti ìgò àti eku. Ta ló ti dán an wò lára èèyàn? Ní ìgbà Kòrónà, wọ́n ta ìbòmú tó ní graphene káàkiri ayé, ta ló bi wá?

* * *

Ẹni Ìdí Máíkíróskóòpù kọ:

Ìbòmú yẹn, o jàre. Ọjà ṣáájú àyẹ̀wò. Ní oṣù kẹrin 2021, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba Kánádà ní kí àwọn èèyàn má lo ìbòmú oní-graphene, pé wọ́n lè máa fà á símú. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n yẹ àwọn kan wò, wọ́n sì gbà kí wọ́n padà sọ́jà.

Ti èèyàn: wọ́n jábọ̀ rẹ̀ ní 2024, Edinburgh ni wọ́n ti ṣe é. Èèyàn 14 tó yọ̀ǹda ara wọn, ọ̀dọ́ tí ara wọn le, gun kẹ̀kẹ́ àdúrógùn fún wákàtí méjì bí wọ́n ṣe ń fa graphene oxide tó mọ́ dáadáa símú, 200 máíkírógíráàmù nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan. Ọkàn wọn, ìfúnpá wọn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn kò yí padà. Nǹkan kékeré kan wà: nígbà tí wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ wọn gba inú ẹ̀rọ tó dà bí iṣan tó ya, ó dì díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń tajà kì í ka ìlà yẹn. Àwọn tó ń dẹ́rù bà wá kì í ka ìlà tó kù.

Wákàtí méjì kì í ṣe ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí mo bá ọ rìn dé nìyẹn.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin kọ:

Ọ̀gá, mo ṣe èyí tí kò ní sẹ́ẹ̀lì. Ó di elésè-àlùkò! Ẹnìkejì mi náà gbà pé òun kò fi serum sí i. Olùbímọ̀ràn wa ní ká kọ méjèèjì pọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: èyí tó ṣẹ́kù nínú ìgò, ẹni tó ń tọ́jú yàrá ní kí n dà á sí síńkì, pé kábọ́nù lásán ni, pé tó bá dé Odò Ògùn á ti pòórá.

* * *

Ẹni Ìdí Máíkíróskóòpù kọ:

Má dà á sí síńkì. Nínú omi odò, calcium inú omi á mú kó dì pọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì rọ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ohunkóhun tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn lójú ọ̀nà, nítorí pé ó fẹ́ràn àti máa gbé irin bíi òjé kiri. Inú odò yẹn kan náà ni wọ́n ti ń fa omi ìlú ní Arákànga.

Da iyọ̀ sínú ìgò, jẹ́ kó dì kó sì rọ̀ sísàlẹ̀. Sẹ́ omi òkè. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù, jẹ́ kó wà ní tútù, má jẹ́ kó gbẹ di ekuru, wà á sínú ike tó ní ìdérí, fi sínú àpótí ìdọ̀tí kẹ́míkà yín. Omi tí o sẹ́, bí wọ́n bá fi ásíìdì àti manganese ṣe graphene oxide náà tí wọn kò sì fọ̀ ọ́ dáadáa, inú àpótí kan náà ni tirẹ̀. Kí o tó pa ike náà dé, kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti bóyá oòrùn ti kàn án.